Ọ̀sán Tí Fọ́rọ́ọ̀mù Wa Ò Ṣí

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìpè Àlàásárì, àyà mi á já. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé ààfáà ní Ìkàrẹ́, tó jẹ́ pé ìpè ìrun ló ń jí mi láti kékeré! Àwọn ọmọ ìyá mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo ti di kèfèrí tó ń sá fún mọ́sáláásí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀ jàre, ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà tí mo ti ń tún fóònù ṣe, tí mo sì ti ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n fọ́rọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ mí. Ojúlé kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwa ará Àkókó, láti Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Ìkún àti àwọn ìlú tó yí wa ká, ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀, àti ẹni tó wà nílé àti ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìjà lórí ìlú tí iṣu rẹ̀ gún jù. Nígbà tí àwọn ajínigbé wá sọ inú igbó di ilé, fọ́rọ́ọ̀mù di ibi tí a ti ń mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé, "Ọ̀nà Ìkún dáa láàárọ̀ yìí." Ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé, "Ẹ dúró ná, a gbọ́ ìró ìbọn." Kò sí awakọ̀ tó gbọ́n tí kì í kà á kó tó ṣíná ọkọ̀.

A wá ní òfin kan. A kì í pe ẹni tó wà lójú ọ̀nà, ẹni tó wà lójú ọ̀nà náà kò sì gbọdọ̀ gbé ìpè. Bí àwọn èèyàn burúkú yẹn bá mú ẹnì kan, fóònù rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn ará ilé rẹ̀: "Ibo lẹ dé? Ẹ̀yin àti ta ni?" Ohùn lórí fóònù ti kúrò lóhun tí èèyàn lè gbára lé. Nítorí náà, bí a bá ti gbéra, a ó pa fóònù. Bí a bá dé ìlú kan, a ó tàn án, a ó ṣí fọ́rọ́ọ̀mù nìkan, a ó kà á, a ó sì tún pa á. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìkún máa ń dúró síwájú mọ́sáláásí kan tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, lápá Ọ̀kà, kí wọ́n tó wọ inú igbó. Bàbá mi ló mú àbá òfin yìí wá. Wọ́n sì ń pa á mọ́ bí ẹni ń gbààwẹ̀.

Bàbá mi yìí kan náà ló dá ọ̀rọ̀ ìkíni sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí o bá ṣí fọ́rọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ lo máa bá, wàá sì máa kà á lọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi àti àwọn àgbà bíi mélòó kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó. Wọn ò gba omi tí mo gbé fún wọn. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àwùjọ wo lèèyàn ń wọ̀ tí kì í kí àwọn tó bá níbẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, orí íńtánẹ́ẹ̀tì mà ni."

Wọ́n ní, "Ṣé kò sí àgbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni? Àbí ẹran ló ń wọlé síbẹ̀?"

Mo kọ ètò kan sínú fọ́rọ́ọ̀mù. Bí o bá ti wọlé, kó o tó rí ọ̀rọ̀ kankan, yóò fi orúkọ rẹ kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ pé orúkọ ọmọdé ga ju ti àgbà lọ. Bí ọjọ́ orí ẹni méjì bá dọ́gba, kí a wo ẹni tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń ṣe é, torí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa bẹ oníkọ̀ǹpútà nírú iṣẹ́ yìí níbòmíràn láyé. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ kọjá àlà. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń sọ pé bí àwọn bá ti rí ìkíni yẹn, ó máa ń dà bíi pé àwọn wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé.

Gbogbo èyí ń lọ dáadáa títí ilé-iṣẹ́ tó gbà wá sórí sáfà wọn fi kógbá sílé. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí fọ́rọ́ọ̀mù ń gbé inú rẹ̀, níbi tí iná kì í ti í kú. Mo wá ilé-iṣẹ́ mìíràn, mo kó gbogbo ẹrù wa lọ síbẹ̀: ọ̀rọ̀, àwòrán, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ó ń falẹ̀. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ilé tuntun ni, ara rẹ̀ á mọlé. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà kò gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan kú ní Ìkún, wọ́n sì ní láti lọ kírun sí i lára. Aládùúgbò wa kan tó ń kó iṣu láti Ìkún wá sọ́jà Ìkàrẹ́ ló gbé wọn sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, ó fọn fèrè ọkọ̀, ó yọrí síta.

Ó ní, "Àǹtí Kọ̀ǹpútà! Mo ti jí bàbá yín gbé lọ o! Ẹ lọ wá ewúrẹ́ méjì wá!"

Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Irú eré burúkú wo nìyẹn láàárọ̀ kùtù?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà wọn funfun báláú. Wọ́n ju ọwọ́ sí mi, wọ́n sì lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àyìlà, ọlọ́kadà kan já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ̀ ọ́n lójú, àgbà ọkùnrin ni, ó máa ń gbé èèyàn lọ sóko. Eruku ti bò ó. Kò tilẹ̀ kí mi. Nígbà tí àgbàlagbà Àkókó bá wọlé tí kò kí ọ, tètè dìde.

Ó ní, "Àǹtí, fọ́rọ́ọ̀mù yín ò ṣí. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ láti oko. Mo rí wọn. Mo fojú mi rí wọn pẹ̀lú ìbọn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta wá sínú oko kajú, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkún. Mo ti sọ fún àwọn fijilanté, wọ́n ń kóra jọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ láti Ìkún ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún wọn?"

Mo ní, "Bàbá mi wà ní Ìkún."

Mo gbé fóònù, mo pè wọ́n. Ó ti kú. Mo pe ẹni tó ń kó iṣu. Ti òun náà ti kú. Òfin wa ni, àbí? Mo ṣépè fún òfin náà. Mo wá ọ̀nà láti pe àwọn olókùú, nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù bàbá mi. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Ìkún ni obìnrin kan tí a jọ lọ sílé-ìwé, mo pè é pè é, kò wọlé. Ká ní kí ẹnì kan gun ọ̀kadà lọ bá wọn, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò gbà. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi máa wò kí wọ́n tó kúrò ní Ìkún ni fọ́rọ́ọ̀mù. Wọ́n ti sọ fún mi pé bí àwọn bá ti kírun Àlàásárì nínú mọ́sáláásí yẹn, àwọn á kà á, àwọn á sì máa bọ̀ nílé. Mo wo aago. Àlàásárì ò jìnnà mọ́.

Mo ṣí fọ́rọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó ń yí. Ó ń yí, ó ń yí, kò sì mú nǹkan kan jáde. Ẹ ò mọ bí nǹkan kékeré tó ń yí yẹn ṣe lè mú inú bí èèyàn tó, àfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá so mọ́ ọn.

Mo gba ẹ̀yìn wọ inú sáfà, níbi tí àwa tó ń tọ́jú rẹ̀ nìkan ti lè wọlé. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń sọ iye iṣẹ́ tó wà lọ́rùn sáfà. Bó bá ti kọjá mẹ́rin, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti kọjá àádọ́rin, ó sì ń gòkè. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo ìlú tò sídìí kànga kan ṣoṣo tí ó jẹ́ pé korobá kan ló wà níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ló dẹ́rù bà mí jù: àwọn ni. Àwọn ajínigbé ló ń fi wàhálà dí ojú fọ́rọ́ọ̀mù wa, kí a má baà rí wọn. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣeé ṣe. Èèyàn lè rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò èké sí ojúlé kan kí ó lè dákú. Mo wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọlé. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tí ojú mi ò bá mọ̀. Mo ti èyí, mo ti tọ̀hún. Kò pẹ́, ọmọ ìyá bàbá mi kan pè mí láti Àbújá.

Wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi lé mi síta? Ìwọ tí mo gbé pọ̀n?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá," mo pa fóònù mọ́ wọn létí. Mo rí i pé àwọn èèyàn wa ni mò ń lé. Mo tún ilẹ̀kùn ṣí.

Mo kọ̀wé sí àwọn onísáfà tuntun. Wọ́n ní ibì kan tí èèyàn ti lè bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí." Ẹni tó dáhùn ní kí n kú ọjọ́, ó ní inú àwọn dùn pé mo kàn sí àwọn, ó ní ó dà bíi pé iṣẹ́ wa ti pọ̀ ju sáfà wa lọ, ṣé n ò fẹ́ gba èyí tó tóbi? Mo ní ṣé yóò ṣiṣẹ́ báyìí báyìí? Ó ní á gbà tó ọjọ́ kan. Háà! Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Èébú tí mo bú ọkùnrin yẹn lédè Ìkàrẹ́, Ọlọ́run ló mọ ohun tó rò pé mo kọ. Mo ti ibẹ̀ pa.

Mo pa sáfà, mo tún un tàn. Fọ́rọ́ọ̀mù ṣí! Mo pariwo. Ọlọ́kadà dìde. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, gbogbo àwọn tó ti ń dúró ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà yẹn fò sókè, ó sì tún dákú. Mo yọ àwòrán kúrò. Kò gbọ́. Mo yọ ohùn àti fídíò kúrò. Kò gbọ́. Ìyá mi pè láti Ìkàrẹ́.

Wọ́n ní, "Ṣé fọ́rọ́ọ̀mù ti sọ pé ọ̀nà dáa? Ó ń yí lọ́wọ́ mi. Mo ti gbé iná ka ọbẹ̀ bàbá yín."

Mo ní, "Màmá, mò ń tún un ṣe ni. Ẹ máa ṣàdúrà."

Ìyá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo gbọ́ tí wọ́n jókòó sílẹ̀ gbì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run. Mo pa á.

Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá ń sáré kiri báyìí, mo máa pa bàbá mi. Mo kàn jókòó. Mo mí. Mo wá béèrè ohun tí ó yẹ kí n ti béèrè látàárọ̀: iṣẹ́ wo gan-an ni sáfà yìí ń ṣe lọ́wọ́? Ọ̀nà wà láti wò ó. Mo wò ó. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun náà ni, òun náà ni, bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà: tò wọ́n láti orí àgbà dé orí ọmọdé.

Ìkíni ni.

Lórí sáfà àtijọ́, ètò kékeré kan wà tó máa ń há àwọn nǹkan sórí. Bó bá ti to àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ wọ́n, ẹni tó bá wọlé á bá a ní títò. Ẹ̀gbẹ́ ni ètò yẹn wà, kì í ṣe ara fọ́rọ́ọ̀mù gan-an, kò sì bá ẹrù wá. Lórí sáfà tuntun, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń tún àgbà tò fún láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pátá, ta ló ju ta lọ, ta ló kọ́kọ́ dé. Bí kò bá tètè ṣí, onítọ̀hún á tún tẹ̀ ẹ́, títò mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí kò tíì parí. Ọlọ́kadà yìí nìkan ti tẹ̀ ẹ́ láti oko dé Ìwàrò. Kò sí ọ̀tá níbì kan. Àwa la wà níbẹ̀, tí a ń kí ara wa pa.

Bí mo bá ní kí n gbé ètò tó ń há nǹkan sórí yẹn kalẹ̀, àwọn onísáfà ló máa fọwọ́ sí i, ẹ sì ti gbọ́ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ọ̀nà kan ló kù, kí n yọ ìkíni kúrò pátápátá. Ìkíni bàbá mi. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ìpè Àlàásárì dún láti mọ́sáláásí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Allāhu Akbar. Ó dún ní Ìwàrò, ó dájú pé ó ń dún ní Ìkún náà. Mo gé ìkíni kúrò.

Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ó ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ibà tó ń kúrò lára ọmọ. Fọ́rọ́ọ̀mù ṣí. Mo kọ ọ́ sókè gàdàgbà: Ẹ MÁ GBA Ọ̀NÀ ÌKÚN. WỌ́N TI RÍ WỌN. ẸNI TÓ WÀ NÍ ÌKÚN, KÓ DÚRÓ SÍBẸ̀. Ọlọ́kadà ní, "Àlùhámúdù lílááhì!" Ó jókòó, ó fi ọwọ́ bojú.

Kò tíì pé ìgbà tí èèyàn fi ń bu omi mu tí ẹnì kan fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ni yín? Èyí kì í ṣe fọ́rọ́ọ̀mù wa. Kò kí mi." Ẹlòmíràn ní, "Ẹ ṣọ́ra o! Àwọn olè ti gba ojúlé wa. Fọ́rọ́ọ̀mù wa kì í ṣí láìkí àgbà." Ẹ̀kẹta ní kí ẹnikẹ́ni má gba ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀ gbọ́.

Yéè! Orí mi fò lọ. Wọ́n ń sọ òótọ́. Ìkíni yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé inú ilé làwọn wà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wà tó máa wo ojú ìwé tí kò kí i, tó máa ní irọ́ ni, bàbá mi ni. Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ṣe hìn-ín, wọ́n á pa fóònù, wọ́n á wọ ọkọ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà níṣojú ọlọ́kadà, mo na ọwọ́ sókè sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Èdè ilé wa ni mo fi kọ ọ́, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé, bí mo ṣe máa ń kí wọn láàárọ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ẹnu kọ́. Mo ní, asalaamu alaikumu, bàbá mi, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrun, ẹ kú ìdárò ọ̀rẹ́ yín, Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ wọn. Èmi ọmọ yín ni mo kúnlẹ̀ yìí. Ìyá wa ní kí n kí yín, ọbẹ̀ yín wà lórí iná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kúrò ní mọ́sáláásí. Mo gbé e sókè pátápátá, kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá wọlé máa rí. Mo sì dúró lórí eékún mi.

Ìdáhùn wọn dé. Bàbá mi ò lè rí ìkíni kí wọ́n má jẹ́ ẹ.

"Wa alaikumu salaamu. Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo wà nínú mọ́sáláásí. Mi ò lọ ibì kankan. Ta ló yọ ìkíni kúrò?"

Mo sunkún. Mi ò tijú, mo sunkún, imú mi ń ṣàn. Mo pe ìyá mi, mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n wà ní mọ́sáláásí!" Ìyá mi ké Àlùhámúdù títí àwọn ará ilé fi sáré jáde. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti nu ojú ni mo tó rántí. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹni tó ń kó iṣu ńkọ́, Bàbá?"

Wọ́n kọ ọ́ pé:

"Ó ti lọ. Òun náà ṣí i, kò ṣí. Ó ní kí n jẹ́ ká máa lọ, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá iṣu òun lọ́nà. Mo ní mi ò lè wọ igbó láìkà á. Ó gbé báàgì mi sílẹ̀ fún mi. Ṣé kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

Àwọn fijilanté rí píkọ́ọ̀pù náà kí oòrùn tó wọ̀, iṣu wà lórí rẹ̀ bó ṣe dì í, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ó padà wálé. Ọlọ́run ṣeun. Ohun tí ìdílé rẹ̀ fojú rí kó tó padà, kì í ṣe ẹnu mi lẹ ó ti gbọ́ ọ. Ó ti rù nígbà tí mo lọ kí i nílé, ọrùn rẹ̀ ti di ọrùn ẹyẹ. Kò bá mi ṣeré mọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú, bí ẹni pé ó tún lè lọ. Èmi ni mo sọ fún un pé fọ́rọ́ọ̀mù ti ṣí lọ́jọ́ náà, pé ká ní ó dúró díẹ̀ sí i ni. Ó mi orí.

Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí. Ó ṣí sí wọn lọ́wọ́."

Mo ní báwo?

Ó ní òun ò tíì pa fóònù nígbà tí òun kúrò níwájú mọ́sáláásí, òun fi sílẹ̀ lórí ìjókòó kó máa yí, bóyá yóò ṣí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun. Nígbà tí wọ́n ti mú òun rìn wọnú igbó díẹ̀, ó tàn lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání. Onítọ̀hún wò ó. Ó kà á sókè fún àwọn yòókù pé kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀nà Ìkún, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ìyókù. Ó ka ìyẹn náà, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrun, ẹ kú ìdárò ọ̀rẹ́ yín, títí dórí ọbẹ̀ tó wà lórí iná.

Mo ní, "Ó kà á? Èdè ilé wa ni mo fi kọ ìyẹn."

Ó ní, "Ó kà á geere, kò ṣì í. Ó sì jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ nílé wa gan-an ló ṣe jẹ́ ẹ, Àǹtí."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo ti bá àwọn onísáfà parí ọ̀rọ̀, mo sì ti dá ìkíni padà. Fọ́rọ́ọ̀mù ń ṣí wéré báyìí. Bí ẹnì kan bá wọlé, orúkọ rẹ̀ á jáde, á sì kí gbogbo wa láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Mo máa ń jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń wo orúkọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé, àwọn orúkọ tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọmọ ilé ẹni, ẹ̀rù gbogbo wọn sì ń bà mí.